Ìwé Ìtàn Ìdìbò Thetford Tí Mo Fowó Rà Ní Àkúrẹ́

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Thetford, ìlú kékeré kan ní agbègbè Norfolk ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán káàdì ìdìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, ó fi í sórí WhatsApp fún mi, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìmọ̀ ìjọba. Ṣé èmi yìí náà ni wọ́n ní kí n wá dìbò, èmi tí mi ò tíì di ọmọ onílùú?" Mo dá a lóhùn pé òun náà ni wọ́n ń bá wí, nítorí òfin wọn gba ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé àṣẹ láàyè láti dìbò. Mo ní kí ó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ̀ dání, nítorí ọdún náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun ìdánimọ̀ tó ní àwòrán lọ́wọ́ olùdìbò ní ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì sì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà. Ó lọ, ó dìbò, ó sì padà sílé láìpẹ́. Ìgbà tó délé tán ló wá bi mí ní ìbéèrè tó di ẹrù sí mi lórí: báwo ni ìlú tí òun wà yìí ṣe ń yan àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ látẹ̀yìnwá, ta ni wọ́n sì ti yàn rí? Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí irú wa sùn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀ níbí. Inú ọ̀nà tóóró kan tó yà lára òpópónà Oyèmẹkùn ló wà, láàárín ẹni tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ní iwájú, fótókọ́pì àti ìwé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe bíi ti gbogbo àwọn tó kù. Ní ẹ̀yìn, níbi tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta wà, ni iṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀ wà: ènìyàn á mú àkọlé wá, á san ìlàjì owó, àwọn náà á wá ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa rẹ̀, ìbáà ṣe ìwé òfin àtijọ́, ìbáà ṣe ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n á tò ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì dì í pọ̀ bí ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wọn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ibẹ̀ gbọ́ pé ìtàn ìdìbò Thetford ni mo fẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ti Àkúrẹ́ tiwa yìí ńkọ́?" Mo ní tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó bẹ̀ mí nígbà tó yá pé kí n má tíì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà nínú ohunkóhun tí mo bá kọ, títí òun yóò fi tún àwọn àṣìṣe inú ìwé náà ṣe, mo sì gbà fún un.

Ojú-ewé 136 ni ìwé náà, ₦27,000 ni gbogbo owó rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo tó rí i gbà, ọ̀rọ̀ iná sì ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Bébà rẹ̀ nípọn, yíǹkì rẹ̀ kò ràn mọ́ ọwọ́, ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì tú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọmọ mi ti fi ṣeré lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà inú àwọn tábìlì rẹ̀ ló kéré jù. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò nílò awò tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn kí ó tó rí i kà.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù ni ogún ojú-ewé àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó tò ó mọ̀ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè lóye iye ìbò ìlú kan bí kò bá kọ́kọ́ mọ òfin tí wọ́n fi ń dì í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1835, nígbà tí Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó tún ìgbìmọ̀ ìlú 178 ṣe ní England àti Wales. Ṣáájú òfin náà, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ló jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń yan ara rẹ̀: bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn tó kù ni yóò mú ẹni tó wù wọ́n dípò rẹ̀. Thetford wà lára àwọn tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ búburú, nítorí pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà, tí iye wọn kò ju bí ọgbọ̀n ènìyàn lọ, ni wọ́n tún ń yan aṣojú ìlú sí Ilé Aṣòfin, wọ́n sì ń wo ojú Duke ti Grafton, onílẹ̀ ńlá tí ààfin rẹ̀ kò jìnnà sí ìlú náà, kí wọ́n tó yàn. Òfin 1835 gba ìgbìmọ̀ ìlú kúrò lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sọ́wọ́ àwọn tó ń san owó-orí ilé. Thetford wá ní kánsílọ̀ 12. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kánsílọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò, ṣùgbọ́n wọn kì í kúrò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: mẹ́rin nínú wọn ń kúrò lọ́dọọdún, ìlú a sì dìbò sí àyè mẹ́rin náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Àwọn kánsílọ̀ fúnra wọn ló ń yan àgbà ìgbìmọ̀ mẹ́rin tí ọdún tiwọn jẹ́ mẹ́fà, ará ìlú kò sì ní ìbò kankan nínú ìyẹn. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, gbogbo wọn a jókòó, wọ́n a yan méyọ̀, ìyẹn olórí ìgbìmọ̀ ìlú, tí yóò lo ọdún kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn afọbajẹ lọ́dọ̀ wa kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Wọ́n tún ṣàlàyé dáadáa nípa bí wọ́n ṣe ń dì í gan-an. Títí di ọdún 1872 kò sí àṣírí nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú: olùdìbò á kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ sórí ìwé, á fọwọ́ sí i lábẹ́ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, á sì fà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo ara yín bí ayálégbé tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí onílé rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdíje. Òfin ọdún 1872 ló mú ìbò ìkọ̀kọ̀ wá. Pontefract ní Yorkshire, ìlú kékeré mìíràn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní ìdìbò Ilé Aṣòfin, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún náà, èdìdì tí wọ́n sì fi lé àpótí ìbò lára jẹ́ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àdíndùn dúdú tí ìlú náà lókìkí fún. Inú mi dùn pé ẹni tó tò ó kò gbàgbé àdíndùn náà. Nígbà tí oṣù Kọkànlá dé lọ́dún kan náà, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú náà bọ́ sínú ìbò ìkọ̀kọ̀.

Láti ojú-ewé kejìlélógún lọ ni tábìlì ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èmi àti ọmọkùnrin náà ti ń jà. Ọdún wà ní apá òsì, orúkọ olùdíje tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye ìbò, lẹ́yìn náà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó mọ́ tónítóní, ó wu ojú. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọn kò ti rí iye ìbò kọ ni wọ́n ti fa ìlà kékeré kan, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ìlà náà túmọ̀ sí "a kò rí àbájáde." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni gbogbo àríyànjiyàn mi dá lé lórí, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ìlà náà kì í ṣe ohun tó sọnù rárá. Wọ́n jẹ́ àbájáde fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó dùn mí jù. Ní ọdún 1904, níbi orúkọ méyọ̀, ìwé náà kọ ọ́ pé "A. G. Minns", ó fa ìlà rẹ̀, ó sì kọjá lọ sí orúkọ mìíràn. Kò sọ gbólóhùn kan sí i. Allan Glaisyer Minns nìyẹn! Ọdún 1858 ni wọ́n bí i ní erékùṣù Inagua ní Bahamas, ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Guy's Hospital ní London, ó sì lọ bá arákùnrin rẹ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà, ní Thetford. Ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1903, nígbà tó sì di ọdún 1904 àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ yàn án ní méyọ̀, wọ́n sì tún fi í sórí oyè náà lọ́dún kejì. Òun ni àwọn òpìtàn mọ̀ sí méyọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Britain, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú kí Battersea ní London tó yan John Archer ní ọdún 1913, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò fún ìgbà pípẹ́ pé òun ni àkọ́kọ́. Ìlú tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 5,000 nígbà náà ló ṣe èyí, ní àsìkò tí àwọn òyìnbó ń fi ajẹ́lẹ̀ ṣàkóso ilẹ̀ wa, tí kò sí ọmọ Àkúrẹ́ kan tí wọ́n fún ní ìbò láti fi yan ẹnikẹ́ni. Kò sì sí iye ìbò tí ìwé náà lè kọ síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ará ìlú ló ń dìbò fún méyọ̀. Ìgbìmọ̀ ló yàn án nínú ìjókòó oṣù Kọkànlá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pé wọn kò rí àbájáde yìí, ẹni tó bá kà á yóò rò pé ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ló ya. Mo pe ọmọkùnrin náà, mo fi ìka sí ibẹ̀, mo sì sọ ìtàn náà fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, èmi ni mo tẹ orúkọ yẹn fúnra mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀."

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi, ó ní òun ti ń kọjá ní àárín ìlú náà fún ọdún méjì láìmọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé Thetford ni wọ́n ti bí Thomas Paine ní ọdún 1737, nítorí ère rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ti àwọn obìnrin sàn díẹ̀ nínú ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kánjú kọjá lórí rẹ̀. Ó sọ pé òfin ọdún 1869 gba obìnrin tó ń san owó-orí ilé láàyè láti dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú, pé ilé-ẹjọ́ sì dá a padà sí ọ̀dọ̀ opó àti ẹni tí kò lọ́kọ nìkan ní ọdún 1872, àti pé ọdún 1907 ni òfin tó gbà kí obìnrin di kánsílọ̀ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ tó dé. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1908, Aldeburgh, ìlú kékeré etíkun ní Suffolk tó jẹ́ aládùúgbò Norfolk, fi Elizabeth Garrett Anderson ṣe méyọ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ni òun náà. Mo rò pé ìlú kékeré tètè máa ń gba dókítà rẹ̀ gbọ́, ẹni tó bá ti gbẹ̀bí ọmọ rẹ kò tún ní jẹ́ àjèjì sí ọ mọ́.

Àwọn ìlà tó kù ńkọ́? Ìlà wà ní ọdún 1915 títí dé 1918. Ìlà tún wà láti 1939 títí dé 1944. Ìlà kan ṣoṣo wà ní 1948. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ayé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn yóò ti mọ ìdáhùn méjì àkọ́kọ́: ogun ni. Ilé Aṣòfin fi òfin dá ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ dúró ní ogun àkọ́kọ́ títí di oṣù Kọkànlá 1919, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ogun kejì títí di oṣù Kọkànlá 1945. Bí kánsílọ̀ kan bá kú tàbí tó lọ sójú ogun, àwọn tó kù ló ń yan arọ́pò rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé fún ìwọ̀n ìgbà náà, ìgbìmọ̀ ìlú tún padà di ẹgbẹ́ tó ń yan ara rẹ̀ bíi ti ṣáájú 1835. Ti 1948 ló ṣòro jù láti mọ̀, mo sì gbà pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọdé kan pé kò mọ̀ ọ́n: òfin tuntun gbé ìdìbò àwọn ìlú kúrò ní oṣù Kọkànlá sí oṣù Karùn-ún, ìdìbò sì wáyé ní oṣù Kọkànlá 1947, kò sí òmíràn títí di oṣù Karùn-ún 1949. Wọn kò pàdánù àbájáde kankan. Kàlẹ́ńdà ló yí. Ibẹ̀ náà sì ni oṣù Karùn-ún tí àbúrò mi fi dìbò ti wá.

Oríṣi ìlà mìíràn wà tó pọ̀ ju ti ogun lọ, ìyẹn sì ni ti ọdún tí àwọn olùdíje kò ju àyè tó ṣófo lọ. Bí àyè bá jẹ́ mẹ́rin, tí ènìyàn mẹ́rin péré sì fi orúkọ sílẹ̀, òfin kò ní kí wọ́n ṣí ibùdó ìdìbò rárá; wọ́n á kéde pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé láìní alátakò, gbogbo ènìyàn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ́pọ̀ gan-an ní àwọn ìlú kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ó sì ṣì wọ́pọ̀ ní àwọn ìgbìmọ̀ tó kéré jù títí di òní. Ohun púpọ̀ ni irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè máa sọ. Ó lè jẹ́ pé inú ìlú dùn sí àwọn tó wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn alágbára ìlú ti jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n pín àyè náà láàárín ara wọn kí owó ìpolongo má bàa ṣòfò, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ní ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tiwa, ọdún keje rè é tí akọ̀wé kan náà ti ń wọlé láìní alátakò. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí. Bí ẹnì kan bá wá kọ ìtàn ẹgbẹ́ wa lọ́gọ́rùn-ún ọdún sí i, tó sì kọ ọ́ pé òun kò rí àbájáde, kò ní tíì mọ ohun kan nípa wa.

Àṣìṣe tó le jù nínú ìwé náà jẹ́ ti ìṣirò, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbẹ̀. Nínú ìlú tí wọn kò pín sí wọ́ọ̀dù, tí àyè mẹ́rin ṣófo lọ́dún kan, olùdìbò kọ̀ọ̀kan lè dìbò fún ènìyàn mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní olùdìbò 500 jáde, tí gbogbo wọn sì lo ìbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbò 2,000 ni yóò wà nínú àpótí. Bí olùdíje kan bá ní 400, ìwé yìí yóò pín 400 sí 2,000, yóò sì kọ ìdá 20 nínú 100 síwájú rẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà rọra yọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀, 400 nínú olùdìbò 500 ló fẹ́ ẹ, ìyẹn ìdá 80. Ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i, nítorí kò pọn dandan kí ènìyàn lo ìbò rẹ̀ tán. Alátìlẹ́yìn tó gbọ́n lè fún ẹni tirẹ̀ ní ìbò kan ṣoṣo, kí ó sì ju mẹ́ta tó kù nù, kí wọn má bàa lọ ran alátakò rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí a kò bá mọ iye ènìyàn tó jáde, a kò lè mọ ìdá rárá, ó sì sàn kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà: ibi tí ó yẹ kí wọ́n fi òfìfo sí ni wọ́n kọ iye sí, ibi tí àlàyé wà fún ni wọ́n fi ìlà sí.

Bákan náà ni òpó tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti kọ "olómìnira", ìyẹn ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, síwájú gbogbo olùdíje láti 1872 títí dé ìparí àwọn ọdún 1960. Mo bi ọmọkùnrin náà pé níbo ló ti rí i. Ó ní òun kò rí orúkọ ẹgbẹ́ kankan lórí ìwé ìdìbò wọn ni òun fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò lè rí i ṣá, nítorí òfin ọdún 1969 ló kọ́kọ́ gbà kí olùdíje kọ ohun tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ nípa ara rẹ̀ sórí ìwé ìdìbò. Ṣáájú rẹ̀, orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Líbẹ́rà àti ẹni tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù, àwọn ìwé ìròyìn àdúgbò sì ń sọ ọ́. Àwọn olómìnira tòótọ́ wà lóòótọ́ ní ìlú kékeré, wọ́n sì wà títí di òní. Ní Frome ní Somerset, àwọn olómìnira kóra jọ, wọ́n gba àyè 10 nínú 17 ní ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 2011, wọ́n sì kó gbogbo 17 ní 2015. Ìwé náà mẹ́nu kan ìyẹn ní ojú-ewé tó kẹ́yìn, mo sì yìn wọ́n fún un.

Ibì kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàlàyé pé bí olùdíje méjì bá ní iye ìbò kan náà fún àyè tó kẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí a máa ṣẹ́ gègé láàárín wọn: ó lè kọ orúkọ méjèèjì sínú bébà kó sì fa ọ̀kan yọ, ó sì lè ju owó onírin sókè. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìyàlẹ́nu ni èyí jẹ́ fún òun. Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Kí ni ìbò nínú èdè wa kí bébà tó dé? Ìbò ni babaláwo ń fún ẹni tó wá dá Ifá mú lọ́wọ́, ẹyọ owó ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì, kí Ifá lè tọ́ka sí èyí tó bá fẹ́. Àwa la mú ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí òyìnbó ń fi bébà ṣe. Nígbà tí bébà bá wá kùnà fún wọn, inú ìbò tòótọ́ ni wọ́n ń padà sí.

Ìwé náà sáré kọjá lórí àtúntò ọdún 1972, èyí kò sì dùn mí púpọ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ tó láti mọ̀ kò pọ̀: wọ́n fagi lé àwọn ìgbìmọ̀ àtijọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1974, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tí ará ìlú kò dìbò fún lọ, Thetford sì bọ́ sábẹ́ ìgbìmọ̀ Breckland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ní ìgbìmọ̀ ìlú tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò ju ìyẹn lọ ni bí ìlú náà ṣe gbòòrò lẹ́yìn àdéhùn tó ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1950 láti gba àwọn ará London sí àwọn ilé tuntun. Ìlú tí kò tó 5,000 ènìyàn rí ti lé ní 20,000 báyìí. Kò sí bí orúkọ àwọn tó ń wọlé kò ṣe ní yí padà.

Mo dá ìwé náà padà pẹ̀lú bírò pupa nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ó jókòó tì mí fún wákàtí méjì, ó kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ó ní òun yóò tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, pẹ̀lú àmì mẹ́rin dípò ìlà kan: ọ̀kan fún ogun, ọ̀kan fún àyípadà kàlẹ́ńdà, ọ̀kan fún ẹni tó wọlé láìní alátakò, ọ̀kan fún ohun tó sọnù lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí n lè sọ pé kí ẹ lọ síbẹ̀. Mo ti bá àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pàdé rí tó jẹ́ pé bí o bá fi àṣìṣe hàn wọ́n, owó ìtúntẹ̀ ni wọ́n yóò kọ́kọ́ dá lé ọ. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tí wọ́n ti tò, tí ẹ sì lè yẹ ìṣirò inú rẹ̀ wò fúnra yín, ₦27,000 kò pọ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ fún olùkọ́ yín láìkà á, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ní ti Àkúrẹ́ tó fi béèrè lọ́wọ́ mi níjọ́ àkọ́kọ́, mo ti san ìlàjì owó rẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1952, èyí tí wọ́n wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ni mo ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọba àti ìjòyè ní àyè nínú ìgbìmọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn tí a dìbò yàn ló pọ̀ jù. Kí ó sì mú un dé ìdìbò ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ APC gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ìlà yóò pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní ìgbà àwọn ológun, mo sì ní mi ò fẹ́ rí "a kò rí àbájáde" síwájú ọdún kankan tí kò bá tíì bi ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n fún òun ní oṣù méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ lọ ní àárọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́, nítorí pátákó ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣubú láti ìgbà òjò tó kọjá.